Kí Ló Dé Tí Ẹ Ò Tètè Wá?

Ìbéèrè kan wà tí àwa agbẹ̀bí máa ń bi aláboyún tó bá pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a kì í sì í fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í. Bí wọ́n bá ṣe ń gbé e wọlé, tí ojú rẹ̀ ti funfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, ọ̀kan nínú wa á ti pariwo: "Kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?" Láti ọdún 1991 tí mo ti gbàwé ẹ̀rí, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti jágbe ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọkọ, mọ́ ìyá ọkọ, mọ́ obìnrin tí ìrora ò tilẹ̀ jẹ́ kó gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ọdún kẹtàlá lẹ́nu iṣẹ́ ni mo tó jókòó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Oṣù keje ọdún 2004 ni. Ilé ìwòsàn kékeré kan tí oko kòkó yí ká, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo wà nígbà náà. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ọ̀kadà kan já wọ inú ọgbà wa. Ọlọ́kadà wà níwájú, ọkùnrin kan wà lẹ́yìn, wọ́n sì fi obìnrin kan há àárín ara wọn kó má baà ṣubú. Ọ̀rá nínípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń bo kòkó, ni wọ́n tẹ́ sórí ìjókòó. Nígbà tí a gbé obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì wà nínú ìṣẹ́po ọ̀rá náà bí ẹ̀dọ̀ màlúù. Aago kan òru ló ti bímọ ní àgọ́ oko. Ọmọ wà láyè, ó wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ibi ọmọ ni kò tẹ̀lé e.

Mo jágbe ìbéèrè mi. Ọkùnrin náà wolẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ obìnrin náà wálẹ̀. Inú rẹ̀ tó yẹ kó pọ́n bí inú ẹnu ọmọ tuntun funfun bí ẹran àgbọn. Mo wá iṣan lápá rẹ̀ tí mo lè fi omi sí, iṣan kankan kò yọ. Bí a ṣe ń pààrọ̀ ìró rẹ̀, ọ̀kan nínú wa rí kókó kan ní ìṣẹ́tí rẹ̀, ó tú u. Owó ni, 1,850 náírà, ó ti rin gbingbin. Obìnrin náà kú nígbà tí aago méjì ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí ikùn rẹ̀, mò ń rọ ilé ọmọ pé kó súnkì.

Nínú ìwé, mo kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló pa á, pé ibi ọmọ kò jáde. Òótọ́ ni mo kọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi kọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀, tí mo pa ìwé dé, tí mo lọ fọwọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkùnrin náà padà wá. Òun àti ìyá rẹ̀ ni, wọ́n gbé ọmọ náà wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo mú àga fún wọn. Mo tún béèrè, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ohùn mi kò lè ròkè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé gan-an tí ẹ ò fi tètè wá?" Ó wá ka wákàtí náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aago kan, ìyàwó rẹ̀ bímọ. Wọ́n gé ìwọ́, wọ́n ń retí ibi. Aago méjì, ibi kò jáde, wọ́n ní kó máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ìyá wọn. Aago mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ti ń ya. Ó fẹ́ gbé e jáde, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù keje ni: owó kòkó ọdún tó kọjá ti tán, tọdún náà kò tíì gbó. Ọkùnrin tó ń bá olóko ṣoko, tí wọ́n á pín in sọ́nà mẹ́ta, kì í rówó mú títí di nǹkan bí oṣù kẹwàá. Ó fẹsẹ̀ rìn nínú òjò lọ bá olóko. Olóko ti lọ sí Àkúrẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lè fọwọ́ kan owó ọkọ òun nígbà tí kò sí nílé. Ó lọ jí olówó èlé. Olówó èlé yá a ní 3,000 náírà, ó fi ìpín kòkó rẹ̀ tó ń bọ̀ dúró. Ilẹ̀ ti mọ́. Ọlọ́kadà kìíní rí ẹ̀jẹ̀, ó ní ìjókòó òun á bàjẹ́, ó lọ. Èkejì gbà fún 1,000 náírà, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá ọ̀rá tẹ́ sí i. Wọ́n ra ọ̀rá ní 150. Omi ti bo afárá, wọ́n dúró kó fà. Bí aago mọ́kànlá ṣe lù nìyẹn, bí owó inú ìṣẹ́tí ìró sì ṣe di 1,850 nìyẹn.

Kò mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwà ọmọlúàbí ni kò jẹ́ kó sọ ọ́, nítorí náà èmi ni yóò sọ ọ́. A ní kó kọ́kọ́ lọ gba káàdì. Abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú ilé ọmọ súnkì, inú òtútù ló ń gbé, iná kò sì dé ọ̀dọ̀ wa láti ọjọ́ mẹ́rin, fìríìjì wa ti gbóná bí àpótí aṣọ. A kọ orúkọ oògùn sórí bébà, a kó owó inú kókó yẹn fún ọkùnrin náà, a ní kó sáré lọ sí kẹ́mísì ní oríta. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi lọ tó fi bọ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ sí Àkúrẹ́ wà nínú ọgbà, kò ní epo. Wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n fi wá dé ọ̀dọ̀ wa. Wákàtí mẹ́ta tó kù, àwa la fi ṣòfò.

Obìnrin tó ń sẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kì í ní àkókò púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ń ya gan-an, wákàtí méjì ti tó láti gbẹ̀mí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó bá máa wí fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ pé wọn ò tètè wá kọ́kọ́ ronú sí ohun tí wọ́n ní láti rí kó tó di pé wọ́n gbéra: ẹni tó máa yá wọn lówó, ẹni tó máa fàṣẹ sí i, ọ̀nà tó ṣeé gbà, ọlọ́kadà tí kò kọ ẹ̀jẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ní òru, nínú òjò.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo ka ohun tí Sereen Thaddeus àti Deborah Maine kọ ní 1994 nípa ìdí tí àwọn aláboyún fi ń kú. Wọ́n pín ìdádúró sí mẹ́ta: èyí tó wà nílé kí wọ́n tó pinnu, èyí tó wà lójú ọ̀nà, àti èyí tó wà ní ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á, ó dà bíi pé wọ́n ti bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó kú. Ohun tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe so kọ́ra. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà kò dára, tó mọ̀ pé oògùn kò sí níbi tó ń lọ, tó mọ̀ pé wọ́n á kọ́kọ́ béèrè owó, dájúdájú á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbéra. Àwa tí a wà ní ilé ìwòsàn wà nínú ìpinnu tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ àtùpà ní àgọ́ oko, bí a kò tilẹ̀ mọ̀.

Àwọn àgbà iṣẹ́ wa ti rí i ṣáájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Zaria tọpa ìbímọ 22,774 ní ilé ìwòsàn wọn, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1985. Obìnrin 238 ló kú nínú rẹ̀. Àwọn tó kàwé, tí wọ́n sì ń wá fún ìtọ́jú láti ìgbà oyún, ikú wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wàhálà dé ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ilé ìwòsàn. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Sáàpù (SAP), ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Mo rántí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí aláìsàn máa ra òwú, kí ó máa ra ìbọ̀wọ́, kí ó máa ra abẹ́rẹ́ tí a máa fi gún un. Àwọn tó wo Zaria lẹ́yìn náà rí i pé iye àwọn tó ń wá bímọ níbẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ikú aláboyún sì gbé sókè. Oyún kò dín nílùú. Àwọn tó lóyún ni kò lówó tí wọ́n á fi wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìṣẹ́ ti ń wọnú ara tí ojú kì í rí i. A máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún wò, a ń pè é ní PCV. Ó yẹ kó tó 33. Ní ọjọ́ klíníìkì ní ilé ìwòsàn tí mo wà báyìí, mo lè rí 28, mo lè rí 26, mo sì ti rí 21 lára obìnrin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tó gbé igbá ata lé orí, tó ní ó kàn ń rẹ òun ni. Ibà ń jẹ ẹ̀jẹ̀. Aràn ń jẹ ẹ̀jẹ̀. Oyún tó sún mọ́ oyún ń jẹ ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ ló yẹ kó dá a padà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dúró níwájú àwọn aláboyún tí mò ń ka oúnjẹ fún wọn: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, wàrà. Wọ́n á máa dáhùn "Ẹ ṣé mà", a ó kọrin, a ó pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, ìyá aláta yẹn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 21, dúró kí gbogbo èèyàn lọ tán. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹja tí mo bá sè, ẹyọ mẹ́rin ni. Bàbá wọn á jẹ méjì, àwọn ọmọ á pín méjì. Èmi máa ń fi ẹnu tọ́ ọbẹ̀ wò." Kò sunkún, kò ráhùn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìṣirò ọjà ni. Mo wò ó, mo wo oògùn afúnnilẹ́jẹ̀ tí mo fẹ́ fún un, mo mọ̀ pé ó máa ń rin èèyàn nínú bí ikùn bá ṣófo, pé ó ṣeé ṣe kó má lò ó. Bí obìnrin yìí bá sẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ẹlòmíràn á pàdánù tí á sì dìde mu ẹ̀kọ gbóná lè pa òun. Ẹni tó bá wo ìwé rẹ̀ á rí "ẹ̀jẹ̀". Kò ní rí ẹyọ ẹja mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ńkọ́? Àwa Yorùbá máa ń yangàn pé obìnrin wa ń ṣòwò, pé ó ní owó tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ti rí i pé obìnrin tó ní owó àjọ lọ́wọ́ alájọ máa ń dé ọ̀dọ̀ wa kí ìrọbí tó le. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín kí èèyàn ní owó àti kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń lọ. Mo ti rí oníṣòwò aṣọ tó ní owó tó tó lápò, tí ọmọ sì há sí i nídìí, tí a fi odindi ọ̀sán dúró de ọkọ rẹ̀ kó wá fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ. Ọkọ náà dúró de bàbá rẹ̀. Bàbá náà ní kò sẹ́ni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ̀bí fún rí nílé àwọn. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà tí wọ́n ń gbà fún aláboyún ni pé kó bí bí àwọn obìnrin Hébérù, wẹ́rẹ́, kí agbẹ̀bí tó dé. Àdúrà náà dùn, èmi náà ń ṣe àmín sí i. Ẹni tí kò bá bí wẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà wá di ìtìjú fún.

Síbẹ̀, mo ti kọ́ láti má ṣe yára dá ẹ̀sìn lẹ́bi. Nígbà tí ìdílé kan bá gbọ́ iye tí iṣẹ́ abẹ jẹ́, tí wọ́n wojú ara wọn, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ gbàdúrà sí i ná, mo máa ń rò pé owó ni wọ́n fẹ́ lọ wá. Ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́ níwájú nọ́ọ̀sì tó wọ aṣọ funfun. Àdúrà kò lójútì nínú, òṣì ló ní in. Mo ti dán an wò nígbà mélòó kan: mo fa ọkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í ní jẹ́jẹ́ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ká wo bí a ṣe máa ṣe ìyókù. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ àdúrà fún mi lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá agbẹ̀bí àdúgbò àti ilé agbẹ̀bí ìjọ mọ èyí ju wa lọ. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àìmọ̀kan ló ń gbé obìnrin lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo ti bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà jókòó. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé kò sí dókítà. Wọ́n tún mọ̀ pé ìyá náà ń tà láwìn. Wọ́n lè san díẹ̀ lónìí, kí wọ́n san díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n gbé adìyẹ wá nígbà ìkómọ. Á gbé omi gbóná fún wọn, á pè wọ́n ní ọmọ mi. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọn kò bá kó ohun èlò pé, a óò bú wọn. Bí wọ́n bá sì ké ní ọjọ́ ìrọbí, ẹnìkan á bi wọ́n bóyá àwa la wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́, ó sì dùn mí nítorí mo mọ ẹni tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Obìnrin tó ní aṣọ tuntun kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tálákà là ń sọ ọ́ sí, tálákà kì í sì í gbàgbé.

Mo mọ̀ pé ó ṣeé yí padà, nítorí mo rí i nígbà tó yí padà. Ní 2009, ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímìkò, gómìnà Oǹdó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n forúkọ àwọn aláboyún sílẹ̀, wọ́n fún wọn ní fóònù, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń pè ní Health Ranger tì wọ́n, ẹnì kan fún nǹkan bí aláboyún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kó máa tọpa wọn délé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú níbẹ̀ nígbà náà, títí kan iṣẹ́ abẹ. Wọ́n tún ṣòfin pé ikú aláboyún kan kò gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé wọ́n wádìí ohun tó fà á, kì í ṣe láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, láti mọ ibi tí ọwọ́ ti yọ̀ ni. Nígbà tó yá, wọ́n pe àwọn ìyá agbẹ̀bí náà mọ́ra: wọ́n ń fún wọn lówó díẹ̀ fún aláboyún tí wọ́n bá mú wá, wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí wọ́n á fi jẹun. Ẹni tó ronú nǹkan yìí mọ̀ pé àwìn ni à ń bá díje.

Mo rántí òru kan nígbà náà. Aago méjì kọjá díẹ̀, fóònù dún. "Màmá, omi ti dà, ẹ̀jẹ̀ sì ń tẹ̀lé e." Àgọ́ oko ni, irú ọ̀nà kan náà, oṣù òjò kan náà. Òṣìṣẹ́ náà ti mọ ilé wọn, ó ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ṣáájú. Kò tíì tó aago mẹ́rin tí wọ́n fi gbé e dé Àkúrẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti gbóhùn ìyá, a ti gbóhùn ọmọ. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Kò sí kọ́bọ̀ lápò òun náà, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í dúró fúnra rẹ̀. Owó ló ń gbé e ró lọ́dọọdún, àti òṣìṣẹ́. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti ń lọ. Ọ̀kan nínú wọn wà ní London báyìí, agbẹ̀bí ni níbẹ̀. Ó máa ń pè mí lálẹ́ Sátidé. Mo rò pé yóò sọ fún mi pé ibi tí òun wà, wàhálà tiwa kò sí níbẹ̀. Ó ní ikú aláboyún kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kà á lọ́dọọdún, ti obìnrin dúdú máa ń ju ìlọ́po méjì ti obìnrin funfun lọ, àwọn tó ń gbé àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí sì ń kú ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tó rí jájẹ. Ó sọ nípa ọmọ Yorùbá kan tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò pé, tó fi oyún pa mọ́ títí di oṣù kẹjọ. Àwọn tí kò nífọwọ́sí láti máa gbé níbẹ̀, gbogbo owó ìtọ́jú ni ilé ìwòsàn ń ka sí wọn lọ́rùn, wọ́n tún ń fi ìdajì rẹ̀ lé e. Ó ní, "Màmá, nígbà tó dé, mo fẹ́ bi í pé kí ló dé tí kò tètè wá. Mo wá rántí yín."

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ ti tún le sí i. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ klíníìkì wa sì dá páropáro. Àwọn tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù méjì wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin tí mò ń pàrọwà fún wọn láti jẹ, èmi gan-an ti ń ṣírò kí n tó rà á. Ìwé ohun èlò ìbímọ tí à ń fún wọn, wọ́n ń kó ìdajì rẹ̀ wá, wọ́n á ní ìyókù ń bọ̀. Ní ìparí 2024, Mínísítà Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde pé obìnrin tí kò ní lọ́wọ́ yóò máa rí iṣẹ́ abẹ ìbímọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi dùn sí i tọkàntọkàn. Iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ á gba ẹni tó bá dé iwájú dókítà là. Mò ń ro ẹni tó wà ní òdìkejì afárá.

Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àtàwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2025 sọ pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nítorí oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà láàárín ọdún 2023 nìkan, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń gbé iye bẹ́ẹ̀ sọ́kàn. Ẹnì kan ni mo lè gbé sọ́kàn, àti kókó tó wà ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò tó nǹkan, àmọ́ mi ò jẹ́ kí aláboyún kankan kọjá lọ́dọ̀ mi láìṣe é. Mò ń béèrè ìbéèrè mi ṣáájú ọjọ́ náà, nígbà tí àyè ṣì wà láti dáhùn. Ẹ̀yìn káàdì ni mò ń kọ ọ́ sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ jókòó níwájú mi, oṣù kẹjọ rẹ̀ ni, ogún ọdún ni. Mo ní, bí ọkọ rẹ kò bá sí nílé, ta ló máa ní kó o máa bọ̀? Ó ní òun ti bá ìyá ọkọ òun sọ ọ́ níṣojú ọkọ òun, ìyá náà ní kí òun má dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ní, ta ló máa fún ọ lẹ́jẹ̀? Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì. Mo ní, owó ńkọ́? Ó fa káàdì alájọ yọ láti inú báàgì, 300 náírà lójúmọ́. Mo ka àmì tó wà lórí rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí oṣù náà kún. Mo ní, ọkọ̀ wo lo máa wọ̀ tó bá jẹ́ òru?

Ó fi nọ́ńbà ọlọ́kadà kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ lè wà. Ọlọ́kadà náà ní kò burú, òun ní ọ̀rá nílé.